Èmi Ni Mo Dí Ọ̀nà Sáfà Kejì

Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn wa ní Aládé, àti ẹ̀yin ará Ìdànrè tí ọ̀rọ̀ yìí ti dé etí yín, ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Èyí tí ẹ gbọ́ tẹ́lẹ̀, irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni nítorí èmi ni mo pa á, mo sì pa á dáadáa débi pé ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi, ẹ fún mi ní ọ́fíìsì, ẹ tún ń pè mí ní ẹni tó gba ẹ̀mí là. Dúrótoyè ni mí. Ara mi le, kò sí dókítà kan tó sọ fún mi pé ọjọ́ mi ti pé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan gbé iṣu wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìdúpẹ́ yẹn sì ti ṣe mí ju àìsàn lọ. Ẹ má sì rò pé inú mi ti rọ̀ sí Augustine o. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, àyà mi ṣì ń gbóná. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn ná, kí ẹ má baà fi ojú ẹni mímọ́ wò mí.

Augustine ni ọ̀gá wa ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà nígbà náà. Ọmọ Aládé ni, ọmọ ilé tó kàwé. Bàbá rẹ̀ ti ṣe adájọ́ ní Àkúrẹ́ rí, òun náà sì ti ṣiṣẹ́ ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó pè é wá sílé. Ó mọ aṣọ wọ̀, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ níwájú àwọn ìgbìmọ̀ alákòóso. Èmi ni igbákejì rẹ̀. Prosper, tó ń fa wáyà, ló ṣe ìkẹta wa. Kò sí ìjà láàárín wa. Ká sọ tòótọ́, mo fẹ́ràn Augustine. Òun ló gbà mí síṣẹ́ nígbà tí mo fi Àkúrẹ́ sílẹ̀ wá tọ́jú ìyá mi, kì í sì í jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá kó má béèrè pé, “Màmá ńkọ́?” Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣe fi wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀tá kì í dunni tó ẹni tó ń béèrè àlàáfíà ìyá ẹni.

Ilé-ìwòsàn náà ti kó gbogbo àkọsílẹ̀ aláìsàn sínú kọ̀ǹpútà. Káàdì ọwọ́ ti di ohun àtijọ́. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìní àdírẹ́sì. Tí ẹ bá ti tàn án báyìí, ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣe ni pé kó ké síta pé, “Ta ló máa fún mi ní àdírẹ́sì?” Ẹ̀rọ ńlá kan tí à ń pè ní sáfà ló máa dáhùn, tó sì máa fún un ní tiẹ̀. Sáfà kan ṣoṣo la ní fún iṣẹ́ yìí. Bí iná bá bà á jẹ́, gbogbo ilé-ìwòsàn á yadi. Èmi ni mo lọ bá Augustine pé ẹ jẹ́ ká ní méjì, kí wọ́n jọ máa pín in, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá ṣubú, èkejì á gbà á ṣe, aláìsàn ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ìṣòro kan ló kù. Igbe tí kọ̀ǹpútà ń ké kì í kọjá ilé tó wà. Inú ilé ńlá ni sáfà méjèèjì máa wà, ẹ̀ka ìgbẹ̀bí àti láàbù sì wà ní òdìkejì ọgbà, lábẹ́ àpáta. Nítorí náà, a ní láti fi alágbàsọ sí ẹnu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kékeré tó máa gbọ́ igbe náà, tó máa gbé e lọ bá sáfà, tó sì máa gbé èsì padà wá. Alágbàsọ yìí, ibi tí ẹ bá rán an ló ń lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún un pé sáfà méjì ló wà, kí ẹ dárúkọ ìkíní, kí ẹ sì dárúkọ èkejì. Bí ẹ bá dárúkọ ẹyọ kan, ẹyọ kan yẹn náà ló máa mọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà.

Àsìkò tí wọ́n ń sá kòkó la ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí àwọn ìgbìmọ̀ máa wá ṣí i, Augustine sì ti ṣèlérí fún wọn pé ohun gbogbo á ti parí. Ìyá mi ti ń ṣàìsàn ọkàn láti ìgbà díẹ̀. A ti gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀ ní Àkúrẹ́ títí wọ́n fi ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn fẹ́ wà nílé àwọn ní Òdòde. Àbúrò mi obìnrin, Kẹ́misọ́lá, ló ń dúró tì wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo fi fóònù mi sí ọ́fíìsì kó máa gba iná, èmi àti Prosper gun òkè àjà ẹ̀ka ìgbẹ̀bí lọ. Kẹ́misọ́lá pè. Augustine ló gbé e. Àbúrò mi ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi sọ fún Bọ̀dá Dúró kí wọ́n máa bọ̀ kíákíá. Màmá ń mí gúlegúle, Bọ̀dá Dúró ni wọ́n sì ń béèrè.” Augustine ní òun ti gbọ́. Kò pẹ́ tó fi wọlé wá bá wa, ó dúró sí ìsàlẹ̀ àkàbà, ó gbójú sókè wò mí. Mo rántí ojú tó fi wò mí. Ó ní, “Báwo lẹ ṣe ń bá a lọ?” Mo ní ó kù díẹ̀. Ó ní, “Ó dáa, ẹ tẹra mọ́ ọn.” Ó sì jáde.

Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó sọ̀kalẹ̀. Ó jẹ́ kí n dán gbogbo ẹ̀rọ wò tán, ó jẹ́ kí n fọwọ́, kó tó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́. “Dúrótoyè, wọ́n pè ọ́ láti ilé. Ó dà bíi pé ara Màmá ò yá.” Mo wo fóònù, Kẹ́misọ́lá ti pè mí títí ó fi sú u. Mo béèrè pé ìgbà wo ló kọ́kọ́ pè. Augustine ò purọ́. Ó ní, “Láàárọ̀. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ fún ẹ, wàá fi iṣẹ́ sílẹ̀.” Mo gun ọ̀kadà. Láti Aládé dé Òdòde ò jìnnà, gbogbo yín mọ̀. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti fi aṣọ bo ìyá mi lójú. Kẹ́misọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, “Ṣé wọn ò sọ fún yín ni? Gbogbo ọ̀kadà tó kọjá níta ni Màmá ń bi mí pé ṣé ẹ̀yin nìyẹn. Mo ní ẹ ń bọ̀. Mò ń sọ ọ́ ṣáá, títí wọn ò fi béèrè mọ́.”

Augustine wá síbi ìsìnkú. Ó wọ funfun, ó gbé òdòdó wá, ó dì mọ́ mi lójú gbogbo ìjọ. Mo jẹ́ kó dì mọ́ mi. Ẹnu mi wà nítòsí etí rẹ̀, mo sì ń sọ nínú ara mi pé, “Ìwọ náà máa ké pe ẹnìkan, kò ní dé.” Ibi tí mo ti gbin èrò ẹ̀san náà nìyẹn, lẹ́bàá pósí ìyá mi, níbi tó yẹ kí n ti máa gbàdúrà. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ti ṣàlàyé ètò sáfà méjì náà fún àwọn ìgbìmọ̀ gẹ́gẹ́ bí èrò tirẹ̀. Wọ́n ti ń pè é ní ètò Augustine káàkiri ọgbà. Mo lè fara da ìyẹn. Ohun tí mi ò lè fara dà ni pé kò tọrọ àforíjì. Ó ń bá mi ṣeré bí àtẹ̀yìnwá, ó ń bu ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́, bí ẹni pé fóònù ẹlòmíràn ló gbé lọ́jọ́ yẹn.

Mo rò ó dáadáa. Mi ò fẹ́ lù ú, mi ò fẹ́ ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́. Mo fẹ́ kí ojú tì í níwájú àwọn tó torí wọn fi ìyá mi dù mí. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ ìṣíde náà, ó máa pa sáfà kìíní lójú wọn láti fi hàn pé èkejì á gbà á ṣe. Lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú èèyàn tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi, mo wọ inú alágbàsọ ẹ̀ka ìgbẹ̀bí láti orí kọ̀ǹpútà mi, mo yọ orúkọ sáfà kejì kúrò. Mo ṣe bákan náà fún ti láàbù. Ìlà kan níbí, ìlà kan lọ́hùn-ún. Sáfà kejì wà níbẹ̀, iná rẹ̀ ń tàn, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ránṣẹ́ sí i láti òdìkejì ọgbà mọ́. Ọkàn mi balẹ̀ bí ti ẹni tó jẹun yó.

Prosper ló fura. Ó lọ dán àwọn ẹ̀rọ wò, ó padà wá bá mi. “Ẹ̀gbọ́n, ti ẹ̀ka ìgbẹ̀bí ò mọ sáfà kejì o. Kò tíì parí. Ṣé ẹ máa tún un ṣe?” Mo ní kó fi sílẹ̀. Ó wò mí, ó ní, “Ṣé ọ̀gá mọ̀?” Mo sọ fún un pé tó bá la ẹnu rẹ̀, èmi náà á la tèmi nípa wáyà ilé-ìwòsàn tó kó lọ fa iná sílé ara rẹ̀. Prosper ní ìyàwó àti ọmọ jòjòló, iṣẹ́ yìí nìkan ló gbójú lé. Ó tẹrí ba, ó lọ. Bí mo ṣe dí ẹni tí kò ṣẹ̀ mí lẹ́nu nìyẹn.

Ọjọ́ pé, àwọn ìgbìmọ̀ dé. Augustine pa sáfà kìíní lójú wọn ní ilé ńlá, ó ní kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà tó wà níbi ìforúkọsílẹ̀ kí wọ́n sì tún un tàn, ó sì ṣiṣẹ́, nítorí inú ilé kan náà ni kọ̀ǹpútà yẹn àti sáfà kejì wà, kò nílò alágbàsọ. Ìyá àgbà kan láàárín wọn ní, “Ẹ jẹ́ ká rí ti ẹ̀ka ìgbẹ̀bí náà.” Ọkàn mi fò sókè. Mo ti ń rí ojú Augustine bó ṣe máa rí. Augustine rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀, mà. Oòrùn ti mú, oúnjẹ sì ń tutù.” Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n lọ jẹun. Ẹ̀san mi já sófo. Ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí n padà lọ kọ orúkọ náà síbi tí mo ti yọ ọ́. Kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá lẹ́bàá ẹ̀ka ìgbẹ̀bí, mò ń gbọ́ igbe ọmọ tuntun, mò ń kí àwọn aboyún tó jókòó síta. Mi ò ronú kàn wọ́n rárá. Ojú Augustine nìkan ni mò ń rí.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e ló gbé àrá wá. Mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mo wà ní Òdòde, mò ń palẹ̀ yàrá ìyá mi mọ́. Àrá sán, àpáta dá a lóhùn, gbogbo fèrèsé gbọ̀n. Kò pẹ́, Prosper pè mí. “Ẹ̀gbọ́n, àrá ti jó sáfà kìíní. Iná lọ, jẹnẹrétọ̀ gbé e padà, gbogbo kọ̀ǹpútà tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ilé ńlá ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ka ìgbẹ̀bí àti láàbù ò ní àdírẹ́sì. Ọ̀gá rò pé wáyà ló jó, wọ́n ní kí n lọ máa tú òkè àjà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n sọ fún wọn?” Mo ní, “Pa ẹnu ẹ mọ́. Máa tú òkè àjà.”

Augustine fúnra rẹ̀ ló pè tẹ̀ lé e. “Dúrótoyè, ibo lo wà?” Mo ní mo wà ní Àkúrẹ́. Irọ́. Ó ní, “Jọ̀ọ́, máa bọ̀. Obìnrin kan wà ní ẹ̀ka ìgbẹ̀bí, Lateefah, ìyàwó Yésúfù tó ń ta aṣọ ní Aládé níbí. Ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, wọ́n ti gba èyí tó bá a mu sílẹ̀ dè é, ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ wà, irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti àpò tó jẹ́ tirẹ̀, láàbù ò sì rí nǹkan kan ṣí. Wọ́n ti ń fi ọwọ́ ṣe àyẹ̀wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Catherine ń sunkún. Sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi.”

Mo gbọ́ ọ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo gbọ́ ọ ketekete, kí ẹnikẹ́ni má gbè mí pé bóyá ariwo òjò ni. Mo lè sọ ìlà tó máa kọ fún un lórí fóònù, kó sì tán. Mo wo bẹ́ẹ̀dì ìyá mi, mo ní, “Ọ̀gá, ṣé kí n fi iṣẹ́ tí mò ń ṣe sílẹ̀ ni?” Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ohùn rẹ̀ yí padà, ó ní, “Dúró, nítorí Ọlọ́run. Bá mi jà lẹ́yìn náà. Obìnrin yìí ò ṣe ọ́ ní nǹkan kan.” Mo ní, “Mò ń bọ̀.” Mo pa fóònù. Mo sì jókòó. Mo bu omi tútù, mo po gàrí, mo ń mu ún díẹ̀díẹ̀. Fóònù ń dún lórí tábìlì, ó ń dákẹ́, ó tún ń dún. Lójú mi, Augustine ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń tẹ́tí sí ọ̀kadà tó ń kọjá. Ó dùn mọ́ mi. Ìyẹn ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ní í sọ. Obìnrin kan ń ṣẹ̀jẹ̀, mo mọ orúkọ rẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi.

Nígbà tí mo rò pé ó ti bẹ̀ mí tó, mo jáde. Mo jẹ́ kí òjò pa mí dáadáa kó lè jọ ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Mo wọlé, mo jókòó, mo kọ orúkọ sáfà kejì padà sínú alágbàsọ méjèèjì, kọ̀ǹpútà ẹ̀ka ìgbẹ̀bí àti ti láàbù jí lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn nọ́ọ̀sì hó yè. Ẹnìkan gbá mi mọ́ra. Wọ́n sáré gbé ẹ̀jẹ̀ náà lọ fún Lateefah, ó sì yè é. Ṣùgbọ́n ọmọ inú rẹ̀ ti kú kí n tó gun ọ̀kadà, wọ́n sì ní láti yọ ilé ọmọ rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó dá. Oyún àkọ́kọ́ ni, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń wá a. Mo kọjá lára Yésúfù tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó di bàtà rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi bàtà ṣe.

Ìgbìmọ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n bi mí pé kí ló fa á. Mo ní ẹni tó ṣe alágbàsọ ló gbàgbé láti dárúkọ sáfà kejì fún un. Wọ́n ní ta ni. Mo tẹjú mọ́ Augustine, mo ní, “Ètò wọn ni. Ìgbìmọ̀ náà mọ̀.” Augustine la ẹnu, ó tún pa á dé. Bó bá sọ pé òun kọ́ lòun ṣe é, á jẹ́wọ́ pé ọgbọ́n ẹlòmíràn lòun fi gba ìyìn. Wọ́n bi Prosper. Ó wo ilẹ̀, ó ní wáyà nìkan lòun ń fà. Wọ́n lé Augustine lọ́jọ́ náà, wọ́n sì fún mi ní àyè rẹ̀. Nígbà tó ń kó ẹrù rẹ̀, ó pè mí wọlé. Ó ní, “Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Mi ò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo dé ìsàlẹ̀ àkàbà, ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo sọ fún ara mi pé àìsàn lásán ni, pé ilẹ̀ ò ní ṣú kó o tó rí wọn. Mo tan ara mi jẹ. Dúrótoyè, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí.” Ohun tí mo ti ń retí láti ọjọ́ ìsìnkú nìyẹn. Mo ní, “Ẹ máa lọ, sà.” Mo sì di ilẹ̀kùn mú fún un.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Yésúfù gbé iṣu wá sí ọ́fíìsì mi, òun àti àbúrò rẹ̀, Mùhámmẹ́d, àti Lateefah. Yésúfù dọ̀bálẹ̀ fún mi, ọkùnrin tó jù mí lọ. Ó ní, “Àlùhámúdúlílàhì. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, òkú méjì ni ǹ bá sin.” Mo gbé e dìde, mi ò lè wo ojú rẹ̀. Mùhámmẹ́d wá sún mọ́ mi, ó rọra ní, “Ẹnjiníà, wọ́n ní ọkùnrin tí wọ́n lé yẹn ti kó lọ sí Ọ̀wẹ̀nà. Ẹ sáà fi ilé rẹ̀ hàn wá. Ohun tójú wa rí, tiẹ̀ náà á rí i.” Kò pariwo. Mo mọ ohùn yẹn, ohùn tèmi ni, bó ṣe rí lẹ́bàá pósí. Mo sì mọ ilé náà. Kí n má purọ́ fún yín, ó kù fín-ín kí n júwe rẹ̀. Mo ti la ẹnu.

Lateefah ló sọ̀rọ̀. “Mùhámmẹ́d, fi ìyẹn sílẹ̀.” Ó yíjú sí mi. “Wọ́n ní inú òjò lẹ ti sáré láti Àkúrẹ́ wá nítorí mi. Mo máa ń gbàdúrà fún yín lẹ́yìn ìrun. Mo gbọ́ pé ìyá yín ti lọ, mo wá ń fi wọ́n sínú àdúrà náà. Kí lorúkọ wọn gan-an? Ìyá Ẹnjiníà ni mò ń pè wọ́n lásán.” Mo wá orúkọ ìyá mi nínú ẹnu mi, mi ò rí i. Ohun tó jáde ni pé, “Mi ò lọ sí Àkúrẹ́.” Kò yé wọn. Mo tún un sọ, mo sì sọ ìyókù, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, gàrí àti gbogbo rẹ̀. Mùhámmẹ́d dìde, Yésúfù gbá a mú lọ́wọ́. Ìbéèrè kan ni Lateefah bi mí. “Nígbà tó pè ọ́, ṣé ó sọ fún ọ pé obìnrin kan ń ṣẹ̀jẹ̀?” Mo ní, “Ó sọ.” “Ṣé ó dárúkọ mi?” Mo ní, “Ó dárúkọ yín.” Mo kúnlẹ̀. Ó ní, “Má bẹ̀ mí. Tí o bá bẹ̀ mí, wọ́n á ní kí n dáhùn.” Ó di ìborùn rẹ̀, ó jáde, àwọn méjèèjì tẹ̀ lé e.

Mo ti lọ bá ìgbìmọ̀. Mo ti gbé kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì kalẹ̀, mo sì ti sọ fún wọn pé èmi ni mo fi ẹ̀rù pa Prosper lẹ́nu mọ́. Ohun tí òfin bá fẹ́ fi mí ṣe, mi ò ní sá. Ọ̀gá Augustine, mo gba iṣẹ́ yín, mo ba orúkọ yín jẹ́, mo sì fi òkú ọmọ tí ẹ ò pa lé yín lọ́rùn. Ẹ forí jì mí. Èyí tí ẹ ṣe sí ìyá mi, mi ò tíì lè dárí rẹ̀ jì yín, mò ń gbìyànjú, kò tíì ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ìyẹn wà láàárín èmi àti ẹ̀yin. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ yín, ẹni tó bá ṣẹ̀ yín, ẹ lọ bá a lójúkojú, ẹ pariwo mọ́ ọn, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún un bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe tọ́jú ìbínú yín sínú ohun tí ẹ̀mí ẹlòmíràn so mọ́. Ẹni tí ẹ dẹ pàkúté dè lè má gba ibẹ̀ kọjá láéláé. Aboyún ló máa gba ibẹ̀.

Mùhámmẹ́d, má lọ sí Ọ̀wẹ̀nà mọ́. Ẹni tí ò ń wá, o ti rí i. Lateefah, ẹ ní kí n má bẹ̀ yín, mi ò ní bẹ̀ yín. Felicia lorúkọ ìyá mi. Tí ẹ bá ṣì fẹ́ dárúkọ wọn níwájú Ọlọ́run, ẹ má ka ẹ̀ṣẹ̀ mi sí wọn lọ́rùn. Wọn ò rán mi.